Ta Ló Ni Ilé Tí Kò Lórùlé?

Ràdíátù jí láàárọ̀ Sátidé. Inú rẹ̀ ń dùn, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti dé.

Kúùkù ni Bàbá Ràdíátù nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá. Bí wọ́n bá lọ, ó máa ń pẹ́ kí ọkọ̀ náà tó padà sí wáàfù Àpápá.

Láti wáàfù, wọ́n á gbé báàgì wọn kọ́ èjìká, wọ́n á wá sí Ajégúnlẹ̀. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Ràdíátù àti Ìyá ń gbé, wọ́n á mi àgádágodo ẹnu ilẹ̀kùn.

Kàtà-kàtà-kàtà.

Àgádágodo náà ti dípẹtà. Bí èèyàn bá ti mì í, ó ń ṣí láìlo kọ́kọ́rọ́, Bàbá á sì mi orí.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Bí Bàbá bá ti wọkọ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá dé. Fọ́tò ló ń sọ ibi tí wọ́n lọ.

Ní Sátidé yìí, Bàbá tú báàgì. Wọ́n mú ṣokoléètì jáde, wọ́n mú ọṣẹ olóòórùn dídùn jáde, wọ́n mú fọ́tò kan jáde.

Ràdíátù gba ṣokoléètì. Ó gba fọ́tò. Ó wo fọ́tò náà títí ó fi gbàgbé ṣokoléètì.

Nínú fọ́tò náà, Bàbá dúró níwájú ilé kan. Ilé náà tóbi. Òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé náà kò lórùlé.

Bàbá fi ọwọ́ kan lé ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ràdíátù fún ojú pọ̀. Hùn-ún. Ràdíátù ń fura.

Kí ló dé tó fi ń fura? Nítorí Bàbá Linus ni.

Bàbá Linus ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí Ràdíátù ń gbé. Lọ́jọ́ tí ògiri ga dé ojú fèrèsé, Bàbá Linus wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n pe oníf​ọ́tò. Wọ́n fi ọwọ́ kan lé ògiri, wọ́n rẹ́rìn-ín. Káṣà!

Fọ́tò náà wà ní pálọ̀ wọn títí dòní. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ lé ògiri ilé tí kò tíì lórùlé, tó sì ya fọ́tò, òun ló ni ilé.

Bàbá Linus fọwọ́ lé ògiri. Bàbá Ràdíátù náà fọwọ́ lé ògiri.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Ràdíátù kì í ṣe àgbà, kò tíì pààrọ̀ eyín tán. Ṣùgbọ́n ó ti mu oògùn náà yó.

Ó mú fọ́tò lọ bá Onome, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà. Onome wo fọ́tò. Ó yí i sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì.

"Na your papa house be this," ni Onome wí. "E never roof am."

Ràdíátù bi í léèrè bóyá ó dá a lójú. Onome ní ó dá òun lójú dáadáa. Ó ní ẹni tó bá kọ́lé, yóò kó lọ síbẹ̀ ni. Ṣé Ràdíátù kò rántí Ngozi? Bàbá Ngozi kọ́lé sí Kírìkírì, wọ́n kó lọ, wọn ò tiẹ̀ padà wá kí ẹnikẹ́ni.

Àyà Ràdíátù já.

Ṣé Bàbá máa kó lọ? Ṣé wọ́n máa fi òun àti Ìyá sílẹ̀? Ràdíátù tún wo fọ́tò. Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣáà ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án, Bàbá jókòó, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà. Ràdíátù dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Ó nara, ó dákẹ́, ó ń gbọ́.

Bàbá ń sọ fún Ìyá pé ilé inú fọ́tò yẹn wu àwọn púpọ̀. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá tún gbé àwọn débẹ̀, àwọn máa padà lọ.

Ìyá sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ń rẹ́rìn-ín!

Hùn-ún. Ràdíátù ń fura.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá ní kó bá àwọn mú sílípáàsì wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì. Ràdíátù mú sílípáàsì. Ojú rẹ̀ yà sínú báàgì.

Nǹkan kan wà nísàlẹ̀. Wọ́n fi bébà wé e. Ó wúwo.

Ràdíátù rọra tú bébà náà. Ṣẹ̀rẹ̀-ṣẹ̀rẹ̀-ṣẹ̀rẹ̀.

Àgádágodo ni. Tuntun ni. Ó tóbi, ó ń dán, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sì so mọ́ ọn lára.

Ilé tuntun, àgádágodo tuntun. Ó ti parí nìyẹn.

Ràdíátù kò lè sùn bọ̀rọ̀. Ó ń rò ó. Kò sẹ́ni tó ń sùn nínú ilé tí kò ní àgádágodo ní Ajégúnlẹ̀. Bí Bàbá kò bá rí àgádágodo wọn, wọn ò ní lè ti ilé ọ̀hún pa. Bí wọn ò bá lè tì í pa, wọn ò ní kó lọ síbẹ̀.

Ó ti mọ ohun tó máa ṣe.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Ràdíátù fi àgádágodo náà sábẹ́ aṣọ. Ó rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jáde. Ó lọ síbi yanrìn Bàbá Linus.

Ẹ ò mọ yanrìn Bàbá Linus? Ó ga ju géètì lọ. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń gùn ún, Bàbá Linus sì ń fi bàtà lé wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá Linus ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ràdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yanrìn. Wùrù, wùrù, wùrù.

Yanrìn ya padà. Ṣààà.

Ó tún gbẹ́ ẹ. Wùrù, wùrù, wùrù.

Yanrìn tún ya padà. Ṣààà. Ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ràdíátù wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo yanrìn. Ó wo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ, ó wo pákó, ó wo páànù tí àwọn bíríkìlà fi ń ru kọnkéré.

Ó dáwọ́ dúró.

Gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ ló ní yanrìn. Yanrìn ti Bàbá nínú fọ́tò dà?

Ràdíátù gbé àgádágodo, ó sáré lọ sílé. Pàtà-pàtà-pàtà.

Ó fa fọ́tò yọ lábẹ́ ẹní. Ó fún ojú pọ̀.

Kò sí yanrìn. Kò sí búlọ́ọ̀kù. Kò sí pákó. Kò sí bíríkìlà kankan.

Ó tún wò ó. Nǹkan kan wà lórí ògiri, lókè téńté. Ó rí i pé ewé ni.

Koríko ti hù lórí ògiri náà!

Koríko kò sí lórí ògiri Bàbá Linus. Orí ògiri ilé tó ti wó lẹ́bàá ojú irin ní Ìjọ́rà ni koríko wà. Ahoro ni ìyẹn, ó ti wó kí wọ́n tó bí Ràdíátù.

Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé inú fọ́tò. Ó ti gbó ni. Kí wá ni Bàbá ń wá nínú ahoro?

Hùn-ún. Ràdíátù tún ń fura.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ràdíátù lọ bá wọn. Fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, àgádágodo wà lọ́wọ́ kejì, lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ni ilé yìí?"

Bàbá ní ọba kan ló ni ín, ọba náà sì ti kú tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní ilé olódi ni wọ́n ń pè é. Bí ogun bá dé, gbogbo ará ìlú á sá wọ inú rẹ̀, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn ńlá. Gbàgà! Ogun parí, ọba kú, òrùlé wó. Ní báyìí, àwọn èèyàn kàn ń lọ wò ó ni. Wọ́n á sanwó lẹ́nu géètì, wọ́n á wọlé, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì padà sílé wọn.

"Wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó wọ ahoro?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn náà fura lọ́jọ́ náà. Àwọn rò pé gbájúẹ̀ ni.

"Ṣé o rí ọwọ́ mi lára ògiri yìí? Mo ń tì í wò ni, kó má baà wó lé mi lórí."

Bàbá ní nígbà tí àwọn wọlé, ilé ìdáná ni àwọn kọ́kọ́ béèrè. Ààrò ibẹ̀ tóbi tó fi jẹ́ pé màlúù lè dúró sínú rẹ̀. Àwọn ẹyẹlé ló ń gbébẹ̀ báyìí. Wọ́n ní àwọn gun àtẹ̀gùn kan tó ń lọ́ yí po, yí po, yí po. Lójijì ni àtẹ̀gùn tán, tó ku ojú ọ̀run. Àwọn wá fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ràdíátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra.

Bàbá ní fèrèsé ibẹ̀ tín-ín-rín báyìí. Ẹni tó bá ń fura ni wọ́n ṣe é fún. Á fi ojú kan yọjú, á rí gbogbo ẹni tó ń bọ̀, ẹni tó ń bọ̀ kò sì ní rí i.

"Mo débẹ̀, mo rántí ẹ," ni Bàbá wí.

Omi lé ròrò sójú Ràdíátù. Ó wá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti àná.

"Ṣé ẹ máa kó lọ síbẹ̀?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n fà á mọ́ra.

"Èmi? Kò lórùlé. Ìyá ẹ ò sí níbẹ̀. Ìwọ náà ò sí níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ máa gbé ibẹ̀ ṣe?"

Ràdíátù fi aṣọ Bàbá nu imú. Ó rọra mú àgádágodo jáde látẹ̀yìn. Yanrìn ń dà lára rẹ̀. Ṣààà.

Bàbá wo yanrìn. Wọ́n wo Ràdíátù. Wọ́n ní àwọn ti wá a láti àárọ̀, àwọn sì ti ń rò pé inú ọkọ̀ ni àwọn gbàgbé rẹ̀ sí.

Ràdíátù dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó tún rántí, ó kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun rò pé ti ilé ọ̀hún ni.

Bàbá ní rárá o. Nígbà tí àwọn rí ilẹ̀kùn ọba yẹn, bó ṣe nípọn tó, àwọn rántí ilẹ̀kùn tiwọn ní Ajégúnlẹ̀, tó ń ṣí fún gbogbo ẹni tó bá ti mì í. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ra àgádágodo tuntun.

Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà látìgbà yẹn. Wọ́n ní bàbá ń fura, ọmọ ń fura, èso kì í ṣáà jìnnà sídìí igi.

Bàbá yọ àgádágodo àtijọ́ dànù. Wọ́n fi tuntun sí i. Kọ́!

Ràdíátù mì í. Kò ṣí. Ó tún mì í gidigidi. Kò ṣí.

Bàbá fún Ìyá ní kọ́kọ́rọ́ kan. Wọ́n fi okùn sí ọ̀kan, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn ara wọn. Wọ́n fi okùn sí ìkẹta, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn Ràdíátù.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò pé, Bàbá gbé báàgì. Ràdíátù na ọwọ́ sí ọrùn wọn, ó wò ó bóyá kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ó wá jẹ́ kí wọ́n lọ.

Òjò rọ̀, òjò dá. Bàbá Linus fi páànù bo ilé wọn. Yanrìn tán.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ Bàbá kan ti wáàfù wá. Ó mú àpòòwé kan fún Ìyá. Fọ́tò ni ó wà nínú rẹ̀.

Bàbá dúró níwájú ilé mìíràn. Ilé náà tóbi, òkúta ni, kò sì lórùlé.

"Your papa don build another one?" ni Onome béèrè.

Ràdíátù fún ojú pọ̀. Kò sí yanrìn. Koríko wà lórí ògiri. Bàbá fi ọwọ́ kan ti ògiri.

Wọ́n na ọwọ́ kejì sókè. Nǹkan kékeré kan ń dán níbẹ̀, okùn ń fì lára rẹ̀.

Ràdíátù yọ kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. Ó gbé e ti fọ́tò. Wọ́n bára mu.

"Ilé ọba nìyẹn," ni Ràdíátù wí. "Ilé Bàbá mi rèé."

Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo. Kọ́! Ilẹ̀kùn ṣí, òun àti Onome sì wọlé.