Irin Tí Ọdẹ́wálé Kọ̀

Ọdẹ́wálé, àgbẹ̀ ará Issaba, kò bẹ̀rù àdá. Láti kékeré ni wọ́n ti sín in ní gbẹ́rẹ́ òkígbẹ́ kí irin má lè ràn án, ońdè awọ rẹ̀ kì í sì í kúrò ní ìbàdí. Èèwọ̀ kan ló wà níbẹ̀: ọjọ́ tí ó bá fúnra rẹ̀ gbà kí irin wọ inú ara rẹ̀, oògùn bàjẹ́.

Ní ọdún kejì òmìnira Dahomey, ẹ̀gún ọ̀pẹ gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fà á yọ, ó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ náà wú dé orúnkún.

Ṣóbándé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ti di onígbàgbọ́, gun kẹ̀kẹ́ wá.

“Jẹ́ ká lọ sí Pobè. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì níbẹ̀.”

“Àdá kò ràn mí, kí n wá dọ̀bálẹ̀ fún abẹ́rẹ́?”

“Ẹ̀gún kì í ṣe irin, ó sì ń pa ọ́ lọ. Jésù ni kí o sá di, kì í ṣe awọ ìdí rẹ.”

“Máa gbé Jésù rẹ lọ. Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ náà. Irin ni.”

Ṣóbándé lọ. Ó padà wá ní ọjọ́ kẹrin, Ọdẹ́wálé tún lé e.

Ní ọjọ́ keje, ẹsẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Ibà kò jẹ́ kí ó mọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Sẹ̀gilọlá, mú ọ̀bẹ wá.” Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ońdè náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ṣóbándé, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi gbé e dé Pobè.

Bonaventure, olùtọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn ibẹ̀, gún un ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibà kò rọ̀.

“Baba, àrùn náà ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ká ní ẹ ti wá ní ọjọ́ kẹta ni…”

Ọdẹ́wálé yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Jésù yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ òun náà?”

“Kò tíì pẹ́.”

“Bá mi sọ fún un pé ìgbéraga ni.”

“Ìwọ ni kí o sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́. Àdúrà náà kò gùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó kú, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ Ṣóbándé.

Ìwọ tí ń kà á, n kò ṣèlérí pé ojú tìrẹ yóò wálẹ̀ kí o tó lọ. Oníwàásù ni mí, mo ti sin ọ̀pọ̀ tí tiwọn kò wálẹ̀. Ohun tí o so mọ́ ìdí lè má jẹ́ awọ. Ó lè jẹ́ agbára rẹ, tàbí orúkọ rere rẹ. Jésù ń dúró. Gé ohun náà lónìí, nígbà tí ọwọ́ rẹ ṣì lè di ọ̀bẹ mú.