Èmi Ni Ìbátan Tí Ìsọ̀ Áàpù Ń Wí

Aránṣọ ni mí. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu mi, píìnì ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe áàpù fóònù ló ní kí n wá sọ ìtàn yìí kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Àbúrò mi náà fọwọ́ sí i, ó ní bí mo bá ṣáà ti lè sọ ọ́ láìfi apá kan pamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ oníbàárà mi wá wọ gáùn rẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ sídìí gáùn náà, mò ń fi píìnì mú etí rẹ̀, ni ìyá yìí bá na fóònù sí mi lójú. Ó ní gbogbo ìwọ̀n ara òun ló ti wà lórí áàpù àbúrò mi, pé bí òun bá rìnrìn àjò pàápàá, aránṣọ tó bá wà níbẹ̀ á kàn wo fóònù ni, á gé aṣọ. Ó ní, "Ọlọ́pọlọ mà gbà wá o."

Ọlọ́pọlọ ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́, Aránṣọ lásán ni wọ́n ń pè mí. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Mo fi píìnì gún ara mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sínú ìwé kan, títí ìwé náà fi wú. Èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀. Àbúrò mi jókòó ti ìwé yẹn, ó wo bí mo ṣe ń tò ó, ó lọ sọ ọ́ di áàpù, ó pè é ní Ìwọ̀n Mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin aránṣọ ló ń lò ó. Mo wá ń bi ara mi pé, ìwọ̀n ta? Ìwé tèmi ni, orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n ń pè. Owú náà wọ̀ mí lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fa fóònù yọ níwájú mi, inú á bí mi.

Bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbé. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń ṣí i, àti èyí tó fi ń wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ìsọ̀ áàpù, inú ìwé ìwọ̀n mi yẹn ló kọ wọ́n sí, lójú ewé tí ìwọ̀n ìyá wa olóògbé wà. Ó ní ojú ewé yẹn la ò jẹ́ gbàgbé láéláé. Ó ní bí nǹkan bá ṣe òun, kí n lè bá òun tọ́jú iṣẹ́ náà.

Fún ẹni tí ò bá mọ ìsọ̀ áàpù, ibẹ̀ ni fóònù ti ń gba áàpù tó bá máa wọ inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni ìsọ̀ náà ló ni ilẹ̀kùn. Bó ti wù kí ọjà rẹ dára tó, bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọ, ìwọ nìkan ni wàá máa wò ó nínú yàrá rẹ.

Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní oríta gbé ṣòkòtò wá kí n bá òun gé e kúrú. Ẹnu ọkùnrin yìí dùn ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń kùn nípa àbúrò mi, ó ní kí ló dé tí n ò ní tèmi. Òun á kó inú áàpù náà jáde, òun á pa àwọ̀ rẹ̀ dà, òun á sì fi káàdì ìdánimọ̀ mi ṣí àkáǹtì fún mi. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu tèmi là gbàgà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí àbúrò mi lọ kọ́ àwọn aránṣọ kan bí wọ́n ṣe ń lo Ìwọ̀n Mi, mo ṣí ìwé, mo ka ọ̀rọ̀ aṣínà fún alátùn-ún-ṣe yìí. Orí kọ̀ǹpútà àbúrò mi ló ti ṣe gbogbo ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ìwọ̀n Ẹ̀gbọ́n ti wà ní ìsọ̀ áàpù. Mo ń wo orúkọ yẹn, mò ń rẹ́rìn-ín, èyí dénú dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò níbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ni mo jí gbé, wọ́n sì ti àkáǹtì mi pa. Mo pa lẹ́tà náà rẹ́. Mo ní ó tán, ta ni yóò mọ̀?

Ẹ̀rọ mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi wọlé láì kí mi, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó ka lẹ́tà inú fóònù rẹ̀ fún mi. Ìsọ̀ áàpù ní àwọn ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa, nítorí pé ó bá àkáǹtì mìíràn tan, èyí tí àwọn ti tì pa. Wọn ò sọ àkáǹtì wo, wọn ò sọ ohun tó ṣe. Wọ́n ti yọ Ìwọ̀n Mi kúrò.

Ó gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bá mi tan tó ń ṣe áàpù?"

Mo ní mi ò mọ̀. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí.

Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní ó dáa, ká wá wo ẹni tí wọ́n máa pè ní Ọlọ́pọlọ lónìí. Inú dídùn náà ò pẹ́ tó ìgbà tí mo fi ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́, fóònù rẹ̀ ń dún léraléra, àwọn aránṣọ ló ń pè é. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù mìíràn ò rí áàpù gbà mọ́, ìwọ̀n oníbàárà wọn ti há sínú ẹ̀. Ọdún méjì ló fi ṣe iṣẹ́ yẹn, òun sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní.

Ó kọ̀wé sí ìsọ̀ áàpù pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣàlàyé. Èsì dé kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, bí àwọn ṣe sọ ọ́ náà ló wà. Ènìyàn wo ló yẹ ọ̀rọ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú kan? Wọ́n ní ó kù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí wọ́n bá kọ ìyẹn, ó parí nìyẹn títí láé.

Ọjọ́ kẹta, ó lọ gba ìmọ̀ràn. Ọ̀dọ̀ ta ló lọ? Ọ̀dọ̀ alátùn-ún-ṣe kan náà. Ọkùnrin yẹn ò tijú. Ó ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ẹjọ́ kankan, kó kàn fi orúkọ ẹlòmíràn ṣí àkáǹtì tuntun, kó sì gbé áàpù rẹ̀ padà síbẹ̀.

Bó ṣe padà wá bá mi nìyẹn, ó na ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yá mi ní káàdì ìdánimọ̀ yín."

Káàdì tó ń tọrọ yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Bí mo bá fún un, mo ti fi ọwọ́ ara mi sin iṣẹ́ rẹ̀. Bí n ò bá fún un, á bi mí pé kí ló dé. Mo ní kó jẹ́ kí n wá a. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú agolo bọ́tìnnì, níbi tí mo mọ̀ pé káàdì kankan ò sí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí agbẹjọ́rò fi wọlé wá gba gáùn rẹ̀. Ó rí ojú àbúrò mi, ó béèrè, àbúrò mi sì rò fún un. Ìyá náà gbé gáùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó.

Ó ní, "Má ṣí àkáǹtì kankan o. Bí wọ́n bá rí i pé o gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ẹjọ́ tó o lè jàre á di ẹ̀bi sí ọ lọ́rùn."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ìsọ̀ áàpù máa ń wo kọ̀ǹpútà, káàdì, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́ẹ̀sì. Bí àkáǹtì méjì bá jọ pín ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀rọ á kà wọ́n sí ìbátan, bí ọ̀kan bá sì ṣẹ̀, á fìyà jẹ èkejì. Ó ní ìyẹn ò tọ́. Ẹni tó bá máa ti ìsọ̀ ọmọlàkejì pa gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, kó sì jẹ́ kí ènìyàn gidi gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àmọ́ ẹjọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ní, a ò lè fi ìbínú kọ ọ́. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìbátan tí wọ́n ń wí. Ó bi àbúrò mi pé ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

Àbúrò mi ò tiẹ̀ ronú. "Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, Mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Ká ní ó fura sí mi ni, ǹ bá bínú, ǹ bá sẹ́ kanlẹ̀, kí n sì pa ẹnu mọ́ di òní. Ó ní kí wọ́n yọ mí kúrò.

Mo ní, "Ẹ má yọ mí, Mà. Èmi ni ìbátan náà."

Mo sọ gbogbo ẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tí mo kà fún alátùn-ún-ṣe, àti orúkọ tí mo fún áàpù olè náà. Agbẹjọ́rò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ò pariwo. Ó kọjú sí mi.

"Kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Wọ́n ń yìn ọ́ ni."

"Kò sí ẹni tí mo kọ́ tí mi ò sọ fún pé inú ìwé yín ni mo ti rí i."

"Wọn ò sọ fún mi."

"Ẹ̀yin náà ò sì bi mí."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Á wọlé, á kí àwọn oníbàárà, á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bíi pé ère tí mo ń wọ gáùn fún lẹ́nu ọ̀nà ni mí. Ó tọ́ sí mi.

A pe ẹjọ́ náà lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ohun tí mo ṣe, mo fi orúkọ àti káàdì mi tì í. Àbúrò mi kó àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá tó ní déètì jáde, ó ya àwòrán ìwé ìwọ̀n mi sí i. Aránṣọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n fọwọ́ síwèé pé àwọn mọ̀ ọ́n. Agbẹjọ́rò fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké. Alátùn-ún-ṣe ní òun ò mọ̀ mí rí. Ṣòkòtò rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mi ò sì ní gé e.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì la fi dúró. Lẹ́tà tó wá dé, òun ni àkọ́kọ́ tí orúkọ ènìyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣí àkáǹtì àbúrò mi padà. Wọn ò bẹ̀ ẹ́ o, wọ́n kàn ṣí i. Tèmi ò ní ṣí mọ́ láéláé, ìyẹn ò sì dùn mí.

Lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi mú ìwé ìwọ̀n mi, ó ṣí i sójú ewé ìyá wa. Ó mú àlùmọ́gàjí mi, ó rọra gé ìlà tí ọ̀rọ̀ aṣínà wà kúrò, ó fi ìwọ̀n ìyá wa sílẹ̀. Ó ti pa ọ̀rọ̀ náà dà, kò sì sọ tuntun fún mi. Mi ò béèrè. Ihò yẹn ni mò ń rí báyìí nígbàkúùgbà tí mo bá ṣí ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe áàpù, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ aṣínà kì í ṣe ohun à-yá-lò, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín tó ní déètì síbi tó yàtọ̀ sí ìsọ̀ áàpù, kí ẹ sì ní nọ́ńbà àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́ ara yín. Bí wọ́n bá tì yín pa, ẹ má sá gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ka lẹ́tà náà dáadáa, ẹ ka iye ọjọ́ tó kù, ẹ bi wọ́n léèrè ẹ̀ṣẹ̀ yín, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò tàbí ọ́fíìsì tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó lo ẹjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ní. Ẹ wọ ẹgbẹ́. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, èmi àti ẹ̀yin náà ní ọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí ẹnìkan tún wá yin Ọlọ́pọlọ níwájú mi, ó sì tún dùn mí díẹ̀. Mo pe àbúrò mi láti yàrá ẹ̀yìn, mo sọ fún un pé ó dùn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń jowú ọmọ ìyá yín, ẹ sọ ọ́ fún un lójú. Òun lè dárí jì yín, ẹ̀rọ ìsọ̀ áàpù ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.