Páìpù Tó Ń Làágùn Lórí Àjà Ìyá

Abọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ yàrá Ìyá Mọ̀ríámọ̀. Obìnrin tó ta fìlà ní Ọjà Akẹ̀sán títí ó fi darúgbó ló ń sùn láàárín abọ́, nínú ilé tí Mashood ọmọ rẹ̀ kọ́ sí ìlú Ọ̀yọ́. Omi ń kán sínú wọn láti òkè àjà, tó, tó, tó.

"Mashood, òjò ti dá," ni Ìyá wí. "Kí ló tún ń kán?"

"Páànù ló ń jò, Ìyá. Káfíńtà ń bọ̀."

Káfíńtà kan náà ti wá pààrọ̀ páànù rí, omi ò sì dáwọ́ dúró. Asiyah, ìyàwó Mashood, ṣàkíyèsí ohun kan.

"Bàbá Basit, bí a bá ti pa éésì, omi yẹn kì í kán mọ́ o."

"Ìwọ lọ wo ọbẹ̀ rẹ lórí iná," ni Mashood dá a lóhùn. Ọ̀gá ni, ó mọ gbogbo nǹkan!

Òun ló ra éésì náà, ẹ̀rọ amúlétutù tó wà ní yàrá Ìyá, nítorí ooru ò jẹ́ kí Ìyá sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, oníṣẹ́ fẹ́ lu ògiri lábẹ́ fèrèsé, kí páìpù tó ń gbé omi ẹ̀rọ náà dànù lè tètè bọ́ síta. Mashood fò sókè. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni sàárè bàbá rẹ̀ wà.

"Ṣé orí bàbá mi lẹ fẹ́ máa da omi sí? Ẹ gbé e gba inú àjà lọ sẹ́yìnkùlé!"

"Ọ̀nà yẹn jìn, Alàájì. Ẹ jẹ́ ká fi rọ́bà fóòmù wé e, nígbà náà."

"Inú àjà? Ta ló fẹ́ gòkè lọ wo ẹwà rẹ̀?"

Oníṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín rárá.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Ìyá dìde láti lọ ṣe àlùwàlá. Omi ti kán síbi tí kò sí abọ́. Ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́ lórí táìlì ilẹ̀, ó sì fi ìbàdí lulẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé e dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́.

Asiyah ò dúró gbàṣẹ mọ́. Ó lọ bá Dámisí, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ éésì nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, wọ́n sì jọ wá sí Ọ̀yọ́. Dámisí gòkè àjà, ó fọwọ́ pa páìpù náà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù rinrin. Ó ní kí wọ́n gbé ìgò omi kan wá láti inú fíríìjì. Kò pẹ́ tí omi fi bo ara ìgò náà.

"Alàájì, ṣé ìgò yìí ń jò ni?"

"Rárá."

"Omi inú afẹ́fẹ́ ló lẹ̀ mọ́ ọn lára, torí pé ó tutù. Bí páìpù yín ṣe ń làágùn nìyẹn. Omi inú rẹ̀ tutù, inú àjà gbóná, ẹ sì fi í sílẹ̀ níhòòhò, láìfi rọ́bà fóòmù wé e."

"Ṣùgbọ́n sàárè bàbá mi..."

"Ẹ̀ bá ti fà á gba ara ògiri níta, kó kọjá sàárè, kó bọ́ sínú gọ́tà. Omi ò ní kan bàbá rárá."

Mashood ní kí Dámisí fà á gba ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá padà wálé, àjà ti gbẹ. Orí àga ló ti ń kírun báyìí.

"Ṣé o ti wá tún un ṣe?"

"A ti tún un ṣe, Ìyá."

"O ò fẹ́ kí omi kán sórí bàbá rẹ. Bàbá rẹ ti kú, Mashood. Èmi ni mo ṣì wà láyé."

Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dun Mashood jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní éésì nílé, bí àjà bá ń kán nígbà tí òjò ò rọ̀, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí páìpù omi rẹ̀ gba inú àjà bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Bí kò bá sí, ẹ fi rọ́bà fóòmù wé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ó sì rẹlẹ̀ díẹ̀ níbi tí omi ń lọ. Ẹ nu omi ilẹ̀ kí àgbàlagbà tó tẹ̀ ẹ́. Bí ìyàwó yín bá sì sọ ohun tó rí, ẹ gbọ́. Asiyah ti sọ ọ́ nígbà tí Ìyá ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.