Aramọkọ Gba Gbogbo Wa

Bí ọdún ilé-ìwé bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Wòsílátù kọjá ní Aramọkọ yóò rò pé ìpàdé ló wà níbẹ̀. Àwọn ìyá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn á dúró, kálukú á máa retí yunifọ́ọ̀mù ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ á máa kù, ẹ̀rín á máa sọ.

Wòsílátù kì í ṣe ọmọ bíbí Aramọkọ. Ìnísà, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, ni bàbá rẹ̀ ti wá, Gáná ni wọ́n sì bí i sí. Àrẹ̀mú, ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ló mú un wá sí Aramọkọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ibẹ̀ ló bí Káyọ̀dé àkọ́bí rẹ̀ àti àwọn ọmọ yòókù sí. Bó bá ń sọ̀rọ̀, "ulé" ló ń pe ilé, "uṣu" ló ń pe iṣu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á ní ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé ni.

Lọ́dún 1987, nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀, Abọ́sẹ̀dé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ọláníyì, àbúrò Abọ́sẹ̀dé, bá wọlé. Ó ti jáde ilé-ìwé gíráámà ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò ríṣẹ́. Bọ́lárìnwá tó ń du ipò alága ló ń tẹ̀ lé kiri.

"Ìyá Káyọ̀dé, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀ lọ́la. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu."

"Èé ṣe?" ni Wòsílátù bi í.

"Ọ̀gá wa ní ti ọmọ onílẹ̀ ni. Kí ará Ọ̀yọ́ lọ dìbò ní Ọ̀yọ́, kí Ìgbìrà lọ dìbò nílé wọn. Àwa la ni Aramọkọ. Tí ọ̀gá wa bá wọlé, gbogbo àlejò á padà síbi tí wọ́n ti wá."

Abọ́sẹ̀dé ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọláníyì! Ta lò ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ìyá Káyọ̀dé kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò sí, ilẹ̀ kò tó mọ́. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Ó jáde. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Wòsílátù lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé Bọ́lárìnwá dá a dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ti dá àwọn àgbẹ̀ Ìgbìrà padà, wọ́n sì ti lé ọkùnrin Ìgbò tó ń ta táyà. Wòsílátù kò bá wọn jà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Àrẹ̀mú bá a níbẹ̀. "Kí lò ń dì?"

"Bàbá Káyọ̀dé, mo mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé ni mí ní Kùmásí nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àlejò tí kò níwèé máa lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kọ́kọ́ jẹ́: 'Ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin àlejò.' Ìgbà tó yá, ìyá mi fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, ó kó wa sá lọ. Àwọn tá a jọ ń jẹun ló ń kó ẹrù wa lójú wa. N kò fẹ́ kí ọmọ mi rí irú ẹ̀."

Àrẹ̀mú jókòó tì í.

Abọ́sẹ̀dé tó ń bọ̀ wá tù ú nínú gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Omi lé sójú rẹ̀. Kò wọlé mọ́. Ilé Míìsì Adéfúnkẹ́ ló gbà lọ tààrà. Míìsì ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Àkúrẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì wálé, kò sì sẹ́ni tí kì í bọ̀wọ̀ fún un nílùú.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa," ni Míìsì wí. "Òfin kò béèrè ìlú bàbá ẹnikẹ́ni. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ibi tó ń gbé ni yóò ti forúkọ sílẹ̀. Kò sí olóyè, kò sí olùdíje, tó láṣẹ láti dá a padà. Lọ pe àwọn ìyá tó kù wá."

Wọ́n yà mú Wòsílátù ní ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n tó dé ilé-ìwé, obìnrin ti kún ojú ọ̀nà. Míìsì di Wòsílátù lọ́wọ́ mú níwájú. Nígbà tí Ọláníyì rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni Míìsì wí. "Kí ni Bọ́lárìnwá ní òun máa ṣe sí omi ẹ̀rọ tí kò yọ mọ́?"

"Wọn ò tíì sọ ìyẹn, mà."

"Ọ̀nà Èrìjìyàn ńkọ́?"

Ọláníyì mi orí pé rárá.

"Kí ló wá sọ?"

"Wọ́n ní àwọn á lé àwọn àlejò."

"Ṣé àlejò ló gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà ni? Àbí Ìgbìrà ló mu omi ẹ̀rọ gbẹ?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Míìsì kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, òótọ́ ni pé o kò ríṣẹ́, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n bí Wòsílátù bá lọ lónìí, ṣé wàá ríṣẹ́ lọ́la? Ẹni tí kò ní nǹkan kan tó fẹ́ ṣe fún ọ ló ń na ìka sí aládùúgbò rẹ, kí o má baà ráyè bi òun léèrè."

Abọ́sẹ̀dé bọ́ síwájú. "Bàbá wa kékeré ti wà ní Jọ́ọ̀sì láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa kùsà. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lo fi kàwé. Bí wọ́n bá sọ fún wọn lónìí pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ló kàn, kí lo máa wí?"

Ọláníyì wolẹ̀. "N ò rò ó débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ó kúrò lẹ́nu géètì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ara wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

"Níbo lẹ ń gbé?" ni òṣìṣẹ́ ìbò bi Wòsílátù.

"Aramọkọ."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ ibo?"

Wòsílátù yíjú padà. "Ọmọ Ìnísà ni mí, n kò sẹ́ bàbá mi. Ará Aramọkọ ni mí, n kò sì ní í sá nílé mi."

Òṣìṣẹ́ ìbò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin hó yèè. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn àgbà ìlú fúnra wọn ránṣẹ́ sí oko àwọn Ìgbìrà pé kí wọ́n padà wá, wọ́n sì wá, àti ọkùnrin tó ń ta táyà. Gbogbo ibi tí Bọ́lárìnwá bá dé lẹ́yìn náà, ìbéèrè omi ni wọ́n ń bi í. Kò rí ìdáhùn, kò sì wọlé. Ẹni tó wọlé pàápàá kò sinmi: àwọn ìyá kò yé lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ títí omi fi yọ.

Ẹ̀yin ará, ìbò mìíràn tún ń bọ̀. Bí olùdíje bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà kan ló ń bú, ẹ mọ̀ pé àpò rẹ̀ ṣófo. Ẹ forúkọ sílẹ̀ níbi tí ẹ ń gbé. Bí wọ́n bá dá aládùúgbò yín dúró, ẹ má wò ó níran. Ẹ bá a lọ bá òṣìṣẹ́ ìbò. Ọmọ tiwa náà wà ní ìlú onílùú, ó ń jẹun níbẹ̀.

Ó yẹ kéèyàn fi ìlú rẹ̀ yangàn. Aramọkọ ń yangàn pé ẹni tó sá fún lílé níbòmíràn rí ilé sọ́dọ̀ òun.