Ẹ̀bi Tí Yeraldo Gbé Lé Wilkin Lórí

"Ta ló ní kó o dúró síbẹ̀ bí òpó iná?" Ọ̀gá Nicasio, olùkọ́ wọn nínú bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n ń pè ní bésìbọ́ọ̀lù, ń pariwo mọ́ Wilkin lójú gbogbo ẹgbẹ́. "Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí bésì kejì, kò sẹ́ni tó mú un! Ohun tó jẹ́ ká pàdánù nìyẹn!"

Wilkin wo Yeraldo. Yeraldo bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú.

Àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣọ́ bésì kejì, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn àmì ilẹ̀ tí alátakò gbọ́dọ̀ sáré dé, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù, Yeraldo a fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bo ojú kí àwọn alátakò má baà rí i, a sì fi ẹnu ṣe àmì sí Wilkin. Bó bá la ẹnu, Wilkin ni yóò sáré dé orí bésì. Bó bá di ẹnu, òun Yeraldo fúnra rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó di ẹnu. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà jókòó lẹ́yìn àwọ̀n, wọ́n wá wo ẹni tí wọn yóò mú lọ gbá bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún. Gbogbo ìlú wọn, San Pedro, ló mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ Yeraldo, ó sì fẹ́ kí àwọn àlejò náà rí i bó ṣe ń fò mú un. Ló bá dúró sí ààyè rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sọ́dọ̀ òun. Wọn kò gbá a. Alátakò sáré wá sí bésì, ẹlẹgbẹ́ wọn kan ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀ kí wọ́n lè fi dá a dúró, kò bá ẹnì kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá lé Wilkin kúrò nínú ẹgbẹ́, ó ní kó máa lọ sílé. Bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀, Yeraldo bi í pé, "Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni? Ìwọ lo ṣe é, ìwọ ni kó o sọ ọ́."

Yeraldo kò sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọn yóò mú lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Consuelo, ìlú àwọn Wilkin. Ìyá Wilkin dì mọ́ ọn. "Ọmọ mi! Nínú gbogbo ẹgbẹ́ yín, ìwọ nìkan lo rántí wa." Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún àti wàràkàṣì díndín síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Olúwa á bá ọ lọ sí Amẹ́ríkà. O ò ní ṣàṣìṣe bíi Wilkin ẹ̀gbọ́n rẹ."

Wilkin dúró lẹ́nu ọ̀nà, sìmẹ́ńtì ibi tó ti ń mọ búlọ́ọ̀kù gbẹ mọ́ apá rẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kó jẹun, kó tètè máa lọ."

Yeraldo ti àwo oúnjẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má gbàdúrà fún mi, Mà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo ní màá dé bésì, mi ò dé ibẹ̀."

Ìyá náà rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. "Ọ̀gá yín ti gbọ́?"

"Rárá, Mà."

"Ṣé èmi ni mo lé e ni? Kí lo wá ń sọ ọ́ fún mi sí?"

Ilẹ̀ ì bá lanu gbé Yeraldo mì, ì bá dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, ó dìde láàárín ẹgbẹ́, níṣojú àwọn àlejò, ó jẹ́wọ́.

"O jẹ́ kí n bú ọmọ ọlọ́mọ, o sì ń wò mí!" ni Ọ̀gá Nicasio wí. Ó ránṣẹ́ pe Wilkin padà. Àwọn àlejò mú ẹlòmíràn lọ fún bésì kejì.

Ó pẹ́ kí Yeraldo tó dé Amẹ́ríkà. Ó di ògbóǹtarìgì níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Wilkin ti dárí jì í tipẹ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń yin Yeraldo, ó máa ń tẹ orí ba, nítorí ó rántí ọwọ́ ìyá kan tó kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run a máa dárí jini. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ru ẹ̀bi yín kiri títí ìgboyà yín yóò fi dé.