Ọ̀ṣẹ́nì Tí Kì í Kánjú

Gbogbo èrò pápá ìṣeré Jos ló ti dìde lọ́sàn-án Sátidé yẹn, wọ́n ń pariwo kí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn gbá bọ́ọ̀lù síwájú, àfi ọkùnrin kan. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Falilat, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jọ wá, kò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹ̀yìn ni wọ́n ń dá bọ́ọ̀lù padà sí."

"Ọ̀nà ni wọ́n ń wá," ọkùnrin náà dáhùn. "Wo àwọn tó ń lé wọn, wọ́n ti ń mí hẹlẹ. A hankali, Hajiya. Fara balẹ̀."

Omidan tí kò tíì lọ́kọ ló ń pè ní Hajiya! Kí Falilat tó fèsì, bọ́ọ̀lù ti bọ́ láti ẹsẹ̀ kan sí òmíràn, ó yí pápá ká, títí ẹni tó kéré jù nínú wọn fi rọra tì í sínú àwọ̀n. Eruku sọ lálá.

"Ta ló gbá a wọlé?" ẹ̀gbọ́n Falilat béèrè.

"Gbogbo wọn ni," ni ọkùnrin náà wí.

Ọ̀ṣẹ́nì ni orúkọ rẹ̀. Ó ń tún rédíò ṣe ní Tina Junction. Ọ̀fà ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí òun sí, Hausa sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Falilat ń ránṣọ ní Dadin Kowa, níbi tí bàbá rẹ̀, Alájì ará Ìlọrin, ti ń ta aṣọ, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú.

Rédíò tó bàjẹ́ ló kọ́kọ́ gbé Falilat dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀ṣẹ́nì. Rédíò yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń ṣeré ìfẹ́. Falilat fẹ́ràn ẹni tí í dá bọ́ọ̀lù gbé, tí í gé gbogbo èèyàn kọjá.

"Bí ẹni yẹn bá ṣàìsàn ńkọ́, olólùfẹ́ mi?" Ọ̀ṣẹ́nì á ní.

"Ẹ máa tò ó láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Ọjọ́ tí Ọ̀ṣẹ́nì lọ kí Alájì, ó ní, "Bàbá, ṣé o jí dáadáa?" Ojú Alájì korò.

"Ẹni tó ń sọ 'o' fún àgbà, òun ni yóò bí ọmọ-ọmọ fún mi?" ó wí nígbà tí Ọ̀ṣẹ́nì lọ tán. Ó ti ní ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́kàn fún Falilat ní Ìlọrin.

Ọ̀ṣẹ́nì kò bínú. Ó ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Falilat, ó ń lọ kí ìyá wọn. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, kò padà sọ́dọ̀ Alájì. Ọjọ́ kan, Falilat dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, omi lójú.

"Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó mi ní Ìlọrin. Bọ́ọ̀lù yín dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ máa gbá a wọlé?"

Ọ̀ṣẹ́nì gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Falilat. Èmi ló ń pè é ní sùúrù."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló kúnlẹ̀ níwájú Alájì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Yorùbá mi kò tíì gún. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe. Falilat ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ gbà á mọ́ yín lọ́wọ́, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ni."

Ìyá Falilat ló la ohùn.

"Láti ìgbà òjò ló ti ń wá kí mi. Kò wá ní ìkọ̀kọ̀ rí."

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni," ẹ̀gbọ́n Falilat fi kún un. "Mo lè dúró fún un."

"Èdè wo lẹ ó fi máa pe àwọn ọmọ yín wá jẹun?" Alájì béèrè.

"Èdè ìyá wọn, bàbá. Èmi náà á máa bá wọn kọ́ ọ."

Alájì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi."

"Ó dáa. Èmi ni n óò ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Lẹ́yìn ààwẹ̀, a ó so yìgì."

Ọ̀ṣẹ́nì fẹ́ dìde láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri. Falilat na ọwọ́ sí i níṣojú gbogbo wọn, ó gbé e dìde. Kò jẹ́ kí ọwọ́ náà lọ. Alájì gbé ojú kúrò, ó sì fa tẹ̀súbáà rẹ̀ yọ lápò.