Káfíńtà Tí Kì Í Pe Ẹnikẹ́ni Ní "Ìwọ"

Tábìlì tí aránṣọ ń gé aṣọ lé lórí ló yẹ̀ lẹ́sẹ̀, ìyẹn ló gbé káfíńtà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ó ti ń tú ẹrù rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé náà fẹ́ kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni káfíńtà wí fún un. "Ẹ jẹ́ kí n gbé pákó mi kúrò lọ́nà yín."

Aránṣọ gbójú sókè. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Agbálẹ̀ yìí kéré sí káfíńtà púpọ̀ lọ́jọ́ orí.

Ìyá aránṣọ kò ṣèèṣì máa pè é ní Kílófàá. Láti kékeré, bí ó bá rí ohun tí kò yé e, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ títí yóò fi rí ìdí rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán káfíńtà wò. Ó bu omi fún un nínú ife tí etí rẹ̀ ti fọ́. Ó pè é ní "ìwọ káfíńtà yìí." Ó ní kí ó gbé tábìlì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tún ní kí ó gbé e padà.

"Ó dáa, mà. Ṣé ibí yìí tẹ́ yín lọ́rùn?"

Nígbà tí agara dá aránṣọ, ó bi í ní tààrà: "Ẹ gbọ́ ná, kí ló dé tí ẹ kì í pe ẹnikẹ́ni ní 'ìwọ'?" Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí "ẹ" bọ́ lẹ́nu òun.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ìsìn bá parí, àwọn tí ìyá mi lè bí á ní, 'Ìwọ, wá nu ibí!' Wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọrin ìyìn tán ni o. Mo wá rò ó pé, bí Ọlọ́run bá dá èèyàn ní àwòrán ara rẹ̀, ta ni èmi tí màá fojú tín-ín-rín àwòrán náà?"

Tábìlì ti dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n aránṣọ ń wá ohun mìíràn tí yóò bàjẹ́. Lónìí àga, lọ́la ilẹ̀kùn. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù.

"Mo nífẹ̀ẹ́ yín," ni káfíńtà wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Èmi àti ta ni?"

"Háà! Ẹ̀yin nìkan ni."

"'Ẹ̀yin' náà tún kọ́ nìyẹn! Olólùfẹ́ mi, ẹ máa fi ẹ̀rín pa mí."

Ó kù kí bàbá aránṣọ gbà. Alàgbà ìjọ ni bàbá rẹ̀, ẹni tí àdúrà dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Ṣùgbọ́n nílé, "ìwọ" rẹ̀ máa ń dún gbàmù létí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un. Aránṣọ sì ti sọ ọ́ pé bí bàbá òun kò bá súre, òun kò ní lọ́kọ.

Lọ́jọ́ tí káfíńtà wá fara hàn, aṣọ́lé ló ṣí géètì fún un, ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ni káfíńtà wí. "Ẹ ṣeun." Bàbá wà lójú fèrèsé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ni káfíńtà wí nígbà tó wọlé.

Bàbá kò dáhùn ìkíni. "'Ẹ' tí o fún aṣọ́lé mi náà lo gbé wá fún mi. 'Sà' tí o fún un náà lo fún mi. Kí ló wá kù tó jẹ́ tèmi?"

"Sà, kò sí èyí tó ga ju 'ẹ' lọ lédè wa. Ká ní ó wà ni, màá fún yín." Káfíńtà mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́, sà. Màá fún àwọn náà."

Ìyá aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ìwọ, jáde! Ẹni tí kò mọ àgbà yàtọ̀ kò lè fẹ́ ọmọ mi."

Aránṣọ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Láàárọ̀, ó rí bàbá rẹ̀ nítòsí géètì, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ẹni tó bí Kílófàá mà ni, òun náà kò lè fi ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sílẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe rí lẹ́nu òun.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni bàbá wí fún aṣọ́lé.

Aṣọ́lé bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe? Ẹ má lé mi kúrò níṣẹ́."

Bàbá dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ojú tì í gidigidi. "Ẹ ò ṣe nǹkan kan," ló wí. "Èmi ni mo ṣe é."

Ó wọlé, kò jẹun àárọ̀. "Kílófàá," ni ó wí, "ránṣẹ́ pe káfíńtà."

Káfíńtà dé, ó ti múra sílẹ̀ de èébú. Bàbá dìde fún un.

"Ẹ wọlé, ọmọ mi. Ẹ jókòó. Ìyàwó yín nìyí, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

"Sà, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀, ọmọ yín ni mí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa fi kọ́ ẹnu mi. Ó ti pẹ́ jù kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Aránṣọ di ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mú, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá yọjú sí fèrèsé, ó ké sí aṣọ́lé:

"Ẹ ti géètì yẹn, kí ẹ wá bá wa jẹun. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún àna wa."